Koríko Gidi tàbí Koríko Oníke: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ojú Pápá fún Bọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 2022, Olusegun Oluwatimi gba ẹ̀bùn Outland àti ẹ̀bùn Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlà iwájú tó dára jù lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Michigan. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ New York Jets mú Olumuyiwa Fashanu, ọmọ Penn State, gẹ́gẹ́ bí ẹni kọkànlá nínú gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ẹgbẹ́ yàn lọ́dún náà. Orúkọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, iṣẹ́ adènà ni àwọn méjèèjì sì ń ṣe, ìyẹn ni pé àwọn ni wọ́n ń fi ara dènà kí alátakò má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀ nílé ìwé kò jọra rárá. Koríko oníke ni wọ́n tẹ́ sí pápá Michigan. Koríko gidi tí wọ́n ń bomi rin tí wọ́n sì ń gé ni ti Penn State. Yunifásítì ńlá ni àwọn méjèèjì, owó kò sì wọ́n wọn, síbẹ̀ ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n gbà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n ń pè sí ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún pápá ṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Iṣẹ́ ìtọ́jú pápá ni mo ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Georgia. Mo ti tọ́jú koríko gidi, mo ti tọ́jú ti oníke, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù lọ ni pé èwo ló dára jù nínú méjèèjì. Èsì mi kì í yí padà: kò sí ojú pápá tí kì í bàjẹ́, nítorí náà èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ yín lè tọ́jú ní gbogbo ọ̀sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni kí ẹ yàn. Bí ẹ ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó ka owó

Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó, owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ẹ fi owó sílẹ̀ ná. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lórí pápá náà láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kejìlá: ìdíje ọjọ́ Sátidé, ìgbáradì ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti ọkùnrin àti ti obìnrin, ẹgbẹ́ afunfèrè tí yóò máa yan kiri lórí rẹ̀, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama àdúgbò tí ẹ ń yá ní pápá. Ẹ kọ iye wákàtí sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pín in sí oṣù.

Mo ní kí ẹ pín in sí oṣù nítorí pé koríko gidi kì í hù bákan náà jálẹ̀ ọdún. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, bàmúdà ni koríko pápá. Inú ooru ni ó ti ń gbádùn ara rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹjọ, bí ẹ bá ya á lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ó ti bo ojú ọgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti ń wọlé ní oṣù kẹwàá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn, nígbà tí yìnyín òwúrọ̀ bá sì bọ́ sórí rẹ̀, yóò gbẹ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì sùn títí di ìgbà ìrúwé. Koríko tí ó ti sùn kì í wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ sàn. Ẹ wá wò ó pé àárín oṣù kẹsàn-án sí ìparí oṣù kọkànlá gan-an ni bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbóná jù. Wákàtí 10 ní oṣù kọkànlá lè ba pápá bàmúdà jẹ́ ju wákàtí 40 ní oṣù kẹfà lọ. Ní àríwá, koríko tí wọ́n ń pè ní Kentucky bluegrass ni wọ́n sábà máa ń lò. Òun fẹ́ràn ìgbà ìrúwé àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé, nítorí náà ó ṣì máa ń lágbára díẹ̀ nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ le, ó sì ń tètè dé.

Bí ìwé yín bá fi hàn pé ìdíje mẹ́fà tàbí méje àti ìgbáradì díẹ̀ péré ni pápá náà yóò gbà, tí ẹ sì ní pápá mìíràn fún ìgbáradì ojoojúmọ́, koríko gidi yóò rù ú. Bí ó bá jẹ́ pé pápá kan ṣoṣo ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ní, tí eré mẹ́rin sì ń jà lé e lórí, tí iná alẹ́ kì í kú níbẹ̀ títí aago mẹ́wàá, koríko gidi kò lè rù ú, kò sí ohun tí olùtọ́jú lè ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ló wà ní ipò kejì yìí, n kò sì dá wọn lẹ́bi nígbà tí wọ́n bá yan oníke.

Ẹ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀

Michigan ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ koríko oníke sí pápá wọn. Ní ọdún 1991 wọ́n ká a kúrò, wọ́n gbin koríko gidi. Ní ọdún 2003 wọ́n tún padà sí oníke. Inú kòtò ni wọ́n kọ́ pápá náà sí, ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi abẹ́ ilẹ̀ fi súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, gbòǹgbò koríko kò sì rójú mí. Wọ́n ní owó, wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò gbà fún wọn. Tennessee, tí ó tẹ́ oníke ní ọdún 1968, padà sí koríko gidi ní ọdún 1994, ó sì wà lórí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, nítorí pé ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ibẹ̀ gbà fún un. Arkansas náà padà sí koríko gidi ní ọdún 2019 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lórí oníke.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni tí ń ta ọjà, ẹ mú síkúrúdíráfà gígùn kan lọ sórí pápá tí ẹ ní báyìí. Ẹ lọ ní ọjọ́ kejì òjò, kí ẹ dúró láàárín gbùngbùn, níbi tí àwọn adènà ti máa ń forí gbárí. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í wọlẹ̀. Bí ó bá wọlẹ̀ dé èkù láìjẹ́ pé ẹ fi ara tì í, ilẹ̀ náà ṣì ń mí. Bí ó bá dúró lẹ́yìn ínṣì méjì, ilẹ̀ ti kì mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀ àgbàlá tí àwọn ọmọdé ń jó lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ tún wo èpò tí ó hù. Gbégi, èpò kan náà tí ó ń hù lójú ọ̀nà oko nílé tí ọwọ́ kò sì lè fà tu bọ̀rọ̀, pọ̀ ní Georgia níbí, ilẹ̀ tí ó ti kì ni ó sì fẹ́ràn. Nígbà tí mo bá rí i tí ó tò lọ sí àárín pápá, n kì í dúró gba èsì àyẹ̀wò kankan kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe ilẹ̀ fún koríko gidi. Ọ̀nà àkọ́kọ́, tí kò wọ́n, ni kí a lo erùpẹ̀ ibẹ̀, kí a sì mú àárín pápá ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní nǹkan bí 12 sí 18 ínṣì kí omi òjò lè máa ṣàn sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà kejì ni kí a gbẹ́ erùpẹ̀ náà kúrò, kí a to páìpù oníhò sí ìsàlẹ̀, kí a da òkúta wẹ́wẹ́ lé e ní nǹkan bí ínṣì mẹ́rin, kí a wá da iyanrìn lé òkúta náà ní ínṣì 10 sí 12, kí a sì gbin koríko sínú iyanrìn. Òjò ńlá lè rọ̀ sórí irú èyí ní òwúrọ̀ kí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ní ọ̀sán. Àlébù rẹ̀ ni pé iyanrìn kì í di omi mú, kì í di ajílẹ̀ mú, nítorí náà òǹgbẹ kì í jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń sọ fún ìgbìmọ̀ pé koríko gidi kò lè dúró nínú òjò, pápá elérùpẹ̀ tí ó ti kì ni wọ́n rí rí, wọn kò tíì rí ti oníyanrìn.

Ẹ ṣírò omi pẹ̀lú. Ojú pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gùn ní 360 ẹsẹ̀ bàtà pẹ̀lú ìpẹ̀kun méjèèjì, ó sì fẹ̀ ní 160 ẹsẹ̀ bàtà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57,600 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró. Omi ínṣì kan lórí ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 36,000 gálọ́ọ̀nù. Nínú ooru, pápá bàmúdà lè béèrè ínṣì kan sí ínṣì kan àbọ̀ lọ́sẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀. Bí ìlú yín bá máa ń ka omi léèwọ̀ lásìkò ọ̀dá, tàbí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní kànga tirẹ̀, ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé yín.

Ohun tí koríko gidi yóò béèrè lọ́wọ́ yín

Bàmúdà tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní gúúsù, Tifway ni, tí wọ́n tún ń pè ní 419. Glenn Burton ló mú un jáde ní Tifton, níhìn-ín ní Georgia, ní ọdún 1960, ó sì fi bàmúdà lásán àti ìbátan rẹ̀ kan láti Gúúsù Áfíríkà ṣe é. Kì í so èso tí a lè gbìn. Gbòǹgbò rẹ̀ àti ìtàkùn rẹ̀ ni a ń tẹ́. Nígbà ooru, ẹ gbọ́dọ̀ máa gé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kí ó má ga ju ínṣì kan lọ, kí ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó jẹ́ kí ó ga tán kí ó tó wá gé e mọ́lẹ̀ gbìrìgbìrì ti dá egbò sí i lára.

Ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọdún, ẹ lo ẹ̀rọ tí ń yọ erùpẹ̀ ní kéékèèké bí ìka ọwọ́, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ẹ sì da iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Ajílẹ̀ naítírójìn ń lọ bíi pọ́ùn kan fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró lóṣù nígbà tí koríko ń hù, èyí tí ó súnmọ́ 58 pọ́ùn lóṣù fún pápá kan. Tí oṣù kẹsàn-án bá ń parí, àwọn kan máa ń fọ́n irúgbìn ryegrass, koríko kan tí kì í sùn nínú òtútù bíi ti bàmúdà, sórí bàmúdà kí pápá lè tutù yọ̀yọ̀ títí ìdíje yóò fi parí. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ní ìgbà ìrúwé ryegrass náà yóò máa bá bàmúdà du oòrùn àti oúnjẹ, bí ẹ kò bá sì tètè pa á, bàmúdà yóò jí pẹ̀lú àìlera.

Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí kò wulẹ̀ ṣòro púpọ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó ń pa pápá ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n kò gbọ́rọ̀ sí olùtọ́jú lẹ́nu. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń padà wá sílé. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun pápá di ọjọ́ Sátidé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ afunfèrè lọ dánra wò fún wákàtí méjì péré. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ, tí gbogbo wọn ń yan ní ìlà kan náà, tí wọ́n ń yípo lójú kan náà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ìlà tí wọ́n yàn ni mo lè kà láti orí àga òǹwòran, ó dúdú bí ìlà tí a fi ẹyin iná fà, omi sì dúró nínú rẹ̀. Oṣù kẹwàá ti ń parí lọ; koríko náà kò hù padà títí di oṣù karùn-ún. Nítorí náà, bí ẹ bá yan koríko gidi, ẹ kọ ọ́ sínú òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì pé olùtọ́jú pápá nìkan ló lè ṣí i, òun nìkan ló sì lè tì í. Bí ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò bá lè buwọ́ lu ìyẹn, ẹ má gbin koríko gidi.

Ohun tí koríko oníke yóò béèrè lọ́wọ́ yín

Ní ọdún 1965 ni wọ́n ṣí Astrodome ní Houston, pápá abẹ́ òrùlé. Wọ́n kun òrùlé náà, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, nítorí ìtànṣán tí ń fọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lójú, koríko sì kú nítorí àìrí oòrùn, ni wọ́n bá tẹ́ oníke sí i ní ọdún 1966. Kápẹ́ẹ̀tì lásán ni ti ayé ìgbà náà, tínrín ni, ilẹ̀ líle ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni bá ṣubú lórí rẹ̀ yóò bó. Èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí yàtọ̀ gidigidi. Okùn ike rẹ̀ gùn tó ínṣì méjì tàbí kí ó lé díẹ̀, wọ́n sì ń da iyanrìn àti hóró rọ́bà sáàárín rẹ̀ títí tí orí okùn nìkan yóò fi ṣẹ́kù síta. Iyanrìn àti rọ́bà náà gan-an ni pápá. Okùn ike wulẹ̀ ń dì wọ́n mú ni.

Ibí yìí ni àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ ti ń wáyé. Wọ́n á ní oníke kò fẹ́ ìtọ́jú. Kò fẹ́ omi, kò fẹ́ gígé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ta hóró rọ́bà náà kúrò níbi tí ìjà ti pọ̀, ó ń bá wọn lọ nínú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, òjò ń gbá a sí ẹ̀gbẹ́, èyí tí ó sì kù ń kì mọ́lẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan pè mí láti wá wo pápá oníke wọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà nítorí pé orí ń fọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ìgbáradì. Mo mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ṣàmì ínṣì sí lára, mo sì ń tì í wọlẹ̀ káàkiri. Ní ẹ̀gbẹ́, ó wọlé dáadáa. Láàárín, níwájú ìlà góòlù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé rárá kí ó tó kan ìsàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì, okùn ike ibẹ̀ sì ti dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ bí irun tí wọ́n fi epo rọ̀. Mo béèrè ẹ̀rọ onírun tí wọ́n fi ń gbọ̀n ọ́n kí okùn rẹ̀ lè dìde. Inú ìdì rẹ̀ ni ó ṣì wà nínú yàrá ìkẹ́rù, ike tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó máa ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan. Ẹ máa fi ẹ̀rọ onírun gbọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ máa wọn ìjìnlẹ̀ rọ́bà láàárín àti níwájú góòlù lóṣooṣù, kí ẹ sì fi kún un níbi tí ó bá ti dín. Ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ojú ìrán kápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, nítorí pé ojú ìrán tí ó là ní ìwọ̀nba ìka kan ti tó láti gbé ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe ará ilé iṣẹ́ tí ó tẹ́ ẹ wá ṣe àyẹ̀wò Gmax, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń gba ìkọlù sára nígbà tí nǹkan bá já lù ú. Bí iye rẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni ilẹ̀ ń le sí i. 200 ni òpin tí wọ́n fi lélẹ̀. Pápá tí ó bá dé ibẹ̀, ẹ tì í. Ní tèmi, n kì í dúró kí ó tó lé ní 165 kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ooru ni ìṣòro kejì, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kékeré mú un ní gúúsù. Ní Yunifásítì Brigham Young ní Utah, wọ́n wọn ojú pápá oníke wọn, wọ́n sì rí i tí ó dé ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ wà ní 98. Wọ́n bu omi sí i nígbà tí ó wà ní 174, ó lọ sílẹ̀ sí 85. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 ó ti padà sí 120, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 ó ti wà ní 164. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé omi yóò pa ooru rẹ̀, ẹ fi iye wọ̀nyí hàn án. Oṣù kẹjọ, nígbà tí ìgbáradì bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ gan-an, wà lára àwọn oṣù tí ooru ń mú jù, àwọn ọmọ sì wọ àṣíborí àti ìhámọ́ra. Bí ẹ bá ní oníke, ẹ ra ẹ̀rọ tí ń wọn ooru ojú ilẹ̀, kò wọ́n, kí ẹ sì pinnu ṣáájú iye tí ó bá dé tí ìgbáradì yóò fi di ti òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ti alẹ́.

Nípa rọ́bà náà, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ jẹ́ táyà ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n lọ̀. Ìjábọ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, EPA tí ń bójú tó àyíká àti CDC tí ń bójú tó ìlera, gbé jáde ní ọdún 2019 àti 2024 sọ pé kẹ́míkà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó dà bí ẹni pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ara ẹni tí ń ṣeré lórí rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní tirẹ̀ ti ṣòfin ní ọdún 2023 tí yóò fòpin sí títà hóró ike àti rọ́bà báyìí fún pápá ní ọdún 2031, nítorí pé wọ́n ń ṣàn lọ sínú odò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ béèrè ohun ìkún mìíràn, bí èèpo àgbọn tàbí kóòkì (èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ìgò) tàbí iyanrìn tí wọ́n fi nǹkan bò lára, kí ẹ sì béèrè èsì àyẹ̀wò PFAS, àwọn kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà, lórí okùn ike náà ní kíkọ sílẹ̀.

Orúnkún àwọn ọmọ

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ àwọn òbí lọ́kàn jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí tí wọ́n yẹ ìdíje NFL, ìyẹn líìgì àwọn tí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹ́ iṣẹ́ wọn, láti ọdún 2012 sí 2016 wò rí i pé ìpalára ẹsẹ̀ àti orúnkún fi nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ lórí koríko oníke ju ti gidi lọ. Àwọn mìíràn yẹ àkọsílẹ̀ NCAA, àjọ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, wò láti ọdún 2004 sí 2014, wọ́n sì rí i pé nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, iṣan orúnkún tí wọ́n ń pè ní PCL ń fara pa lórí oníke ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti koríko gidi.

Ẹni tí ó bá ti rí i lójú kò ní ṣòro fún un láti gbà á. Bí ọmọ tí ó sanra tó 300 pọ́ùn bá fi ẹsẹ̀ tẹ koríko gidi tí ó sì yí ara padà lójijì, koríko náà yóò já, erùpẹ̀ yóò ta, ẹsẹ̀ yóò sì yọ kúrò. Ihò tí mo ń dí lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni kò jẹ́ kí orúnkún ẹnì kan já lọ́jọ́ Sátidé. Ike kì í já. Ó ń di bàtà mú, ara sì ń yí lórí ẹsẹ̀ tí kò lè yí. Nítorí náà, bí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín bá ní oníke, ẹ ra bàtà tí wọ́n ṣe fún un fún àwọn ọmọ, tí àwọn eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú tí wọ́n sì pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wọ èyí tí ó gùn ṣóńṣó tí wọ́n ń wọ̀ lórí koríko tútù.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: koríko gidi tí ó ti kú, tí ilẹ̀ rẹ̀ ti kì, tí ihò pọ̀ lórí rẹ̀, kò sàn ju oníke tí wọ́n tọ́jú dáadáa lọ. Àwọn ìwádìí wọ̀nyí kò sọ̀rọ̀ nípa irú pápá bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá mú owó padà

Láti tẹ́ pápá oníke tuntun, pẹ̀lú ilẹ̀ gbígbẹ́, òkúta àti páìpù, ó sábà máa ń lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọdún 8 sí 10 ni kápẹ́ẹ̀tì náà máa ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ ó san owó ńlá láti ká a, láti kó o dànù, àti láti tẹ́ òmíràn. Ẹ ṣírò fún ọdún 20, kì í ṣe fún ọdún tí ẹ wà yìí, kí ẹ sì bi àwọn tí ń ta á pé níbo ni wọ́n ń kó èyí tó ti gbó lọ. Koríko gidi kì í gba owó tó bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n gbìn sórí erùpẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù olùtọ́jú tí ó mọṣẹ́, omi, irúgbìn, ajílẹ̀ àti ẹ̀rọ yóò máa jáde lọ́dọọdún. Owó àkọ́kọ́ ni àwọn olówó ìtìlẹ́yìn fẹ́ràn láti dá, nítorí pé wọ́n lè kọ orúkọ wọn sí i lára. Owó ìtọ́jú ni ẹ gbọ́dọ̀ wá kí ẹ tó gba tiwọn.

Ibi tí mo dúró sí

Ní gúúsù, fún kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ní pápá ìgbáradì mìíràn àti olùtọ́jú kan tí ó mọ iṣẹ́ náà, koríko bàmúdà lórí iyanrìn ni n ó yàn láìṣiyèméjì. Georgia, Alabama, Auburn àti LSU, tí wọ́n lè ra ohun tí ó bá wù wọ́n, orí koríko gidi ni wọ́n wà. Fún Ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 2026, FIFA béèrè koríko gidi ní gbogbo pápá, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Tennessee àti ti Michigan State ni wọ́n sì bá wọn ṣèwádìí bí yóò ṣe ṣeé ṣe. Àwọn pápá kan tún wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán okùn ike díẹ̀ mọ́ àárín koríko gidi kí gbòǹgbò lè rí nǹkan dì mú. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìtọ́jú koríko gidi ni ó ṣì ń fẹ́.

Fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní àríwá, tí pápá kan ṣoṣo ń gba gbogbo eré láti àárọ̀ di alẹ́, oníke ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ iye Gmax tí kò gbọdọ̀ kọjá ní gbogbo ọdún tí ìdánilójú bá fi wà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ nìkan. Kí ẹ̀rọ ìgbọ̀n àti ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń lò ó wà nínú owó náà, kí ẹni tí yóò máa wà á sì ní orúkọ nínú ìwé yẹn.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun, ẹ ní kí ẹni tí ń ta á mú yín lọ sí pápá kan tí ó ti tẹ́ ní ọdún 7 sẹ́yìn, kì í ṣe èyí tí ó tẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹ lọ ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù keje. Ẹ mú irin onínṣì lọ́wọ́, ẹ rìn lọ sí àárín gbùngbùn àti síwájú ìlà góòlù, kí ẹ tì í wọlẹ̀ ní ibi mẹ́wàá, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì pe olùtọ́jú ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ọlọ́jà kò sí nítòsí, kí ẹ bi í pé bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n fi ṣe, èwo ni ì bá yàn.